Ilẹ̀ Ta Ni Etí Odò? Láti Ògùnpa dé Mesquite

Ará Ìbàdàn tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ kàn dárúkọ Ògùnpa létí rẹ̀, ìtàn ló kù. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Odò tí ọmọdé ń fẹsẹ̀ là kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kún, ó bo afárá, ó gbé mọ́tò, ó wó ilé, ó sì gbé èèyàn lọ. Àwọn tó bá a lọ lé ní 200. Kì í ṣe pé odò náà kò kìlọ̀: ní 1978, ọdún méjì péré ṣáájú, ó ti ya wọ ilé àwọn kan. Nígbà tó tún di ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò mìíràn dé, 187.5 mìlímítà láàárín wákàtí mélòó kan. Afárá wó káàkiri ìgboro, omi wọ oko ẹja àti ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ̀mí tó lé ní 100 sì tún bọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí 187.5 mìlímítà túmọ̀ sí lójú onílé. Bí òjò bá rọ̀ ní mìlímítà kan, lítà omi kan ló bọ́ sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì gùn ní mítà kan. Ẹ wá mú pulọ́ọ̀tì kan, 50 ẹsẹ̀ bàtà ní 100. Òjò ọjọ́ náà da nǹkan bí 87,000 lítà sórí rẹ̀. Onílé tó ní táǹkì GeePee 2,000 lítà yóò nílò irú rẹ̀ mẹ́rìnlélógójì kó tó lè gba omi orí ilẹ̀ tirẹ̀ nìkan, a ò tíì dórí ti aládùúgbò o. Tó bá jẹ́ koríko àti igi ló wà lórí ilẹ̀ náà, omi díẹ̀ á wọlẹ̀, ìyókù á máa rọra lọ. Tó bá jẹ́ páànù, kọ́ńkéré àti íńtálọ́ọ̀kì ni, gbogbo rẹ̀ ló ń sáré lọ sódò lẹ́ẹ̀kan náà, ti gbogbo àdúgbò náà sì ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń pàdé ni ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà létí odò. Ibẹ̀ náà kọ́ ni ọmọ onílẹ̀ ń tà ní pọ́ọ́kú? Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra ti orí òkè ló ń rà á, kò sì sẹ́ni tó ń bi í léèrè títí òjò á fi dé.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ pẹrẹsẹ yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni mo fẹ́ gbà yọ sí i: Mesquite, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà.

Àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Dallas tí wọ́n sì ń lọ sí àgọ́ Ìjọ Ridíìmù ní Floyd mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ọ̀nà I-30 tó lọ sí ìlà-oòrùn kọjá lára Mesquite. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ohun kan níbẹ̀ ju Town East Mall lọ. Ìlú náà kò kéré: ìkànìyàn ọdún 2020 bá nǹkan bí 150,000 èèyàn níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Látíínò àti adúláwọ̀. Odò ló fún un lórúkọ. Nígbà tí iléeṣẹ́ ojú irin Texas and Pacific gba ibẹ̀ kọjá ní 1873, orúkọ odò Mesquite Creek ni wọ́n fún ibùdókọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀, igi ẹlẹ́gùn-ún kan tó wọ́pọ̀ ní Texas ni odò sì fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Odò méjì ló ń jẹ́ orúkọ yẹn báyìí, North Mesquite Creek àti South Mesquite Creek. Méjèèjì ń ṣàn lọ sínú apá ìlà-oòrùn odò Trinity, Trinity sì ń gbé omi wọn lọ sínú òkun.

Ìlú tí odò fún lórúkọ wá kẹ̀yìn sí odò. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní agbègbè Dallas, ilé kọjú sí títì, ọ̀nà tóóró kan wà lẹ́yìnkùlé tí mọ́tò ń gbà wọ gáréèjì, wọ́n sì fi pákó ṣe ọgbà tó ga ju èèyàn lọ. Bí odò bá wà lẹ́yìn ọgbà náà, onílé lè gbé ibẹ̀ títí ọmọ rẹ̀ á fi gbọ́njú kó máà rí i rárá. Kò sẹ́ni tó ń pọnmi níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fọṣọ. Ohun tó ń rán wọn létí pé odò wà ni ọjọ́ tó bá kún.

Ilẹ̀ ibẹ̀ sì ní ìwà tirẹ̀. Ó dúdú, ó sì lẹ̀ bí àmàlà. Houston Black ni àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè é, ó wà káàkiri pápá tó lọ láti àríwá Dallas títí dé ọwọ́ San Antonio. Bí òjò bá rọ̀, amọ̀ inú rẹ̀ á mu omi, á wú. Bí oòrùn bá ràn án, á súnkì, á sì la débi tí ọmọdé lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Wíwú àti sísúnkì yẹn ló ń la ògiri ilé wọn. Nítorí náà, nígbà tí ooru bá mú, ẹ ó rí onílé tó tẹ́ rọ́bà oníhò wẹ́wẹ́ yí ilé rẹ̀ ká, tó ń bomi rin ìpìlẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń ra omi lọ́wọ́ onítánkà ní Ìbàdàn yóò rẹ́rìn-ín: omi tí a ò rí mu, àwọn kan fi ń bomi rin ilé! Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá ṣe é, ilẹ̀ á sún kúrò lábẹ́ ilé, owó àtúnṣe rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Tí amọ̀ yẹn bá ti mu omi yó, ó parí. Òjò tó bá rọ̀ lé e kò ríbi wọ̀ mọ́. Ọ̀dá pàápàá kì í dí ìyẹn lọ́wọ́. Ní 2022, odidi ọjọ́ 67 ni òjò tó ṣeé wọ̀n kò fi rọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú ńlá Dallas òun Fort Worth. Ilẹ̀ gbẹ, koríko kú. Kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ọ̀dá náà dáwọ́ dúró, láàárín ọjọ́ 21 sí 22 oṣù kẹjọ, tí 233 mìlímítà fi rọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú kan náà láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, tó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa ní àwọn ibì kan ní ìlà-oòrùn Dallas. Lórí pulọ́ọ̀tì wa ìṣáájú, 108,000 lítà nìyẹn, ó ju ti Ìbàdàn lọ. Títì di odò. Ní Mesquite, omi gbé mọ́tò obìnrin kan lọ, obìnrin náà sì kú.

Ẹ ṣàkíyèsí pé oṣù kẹjọ ni, bíi ti Ògùnpa lẹ́ẹ̀mejèèjì. Kì í ṣe pé mo rí àmì kankan nínú ìyẹn. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tó rò pé ọ̀rọ̀ omíyalé ti tán ní ìlú òyìnbó mọ̀ pé kò tán.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe sí i? Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò dáadáa, nítorí pé kò jọ iṣẹ́ rárá tí èèyàn bá kọ́kọ́ rí i. Létí South Mesquite Creek, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà tí ìlú náà ń pè ní Mesquite Heritage Trail. Wọ́n ń là á ní apá kọ̀ọ̀kan, bí owó bá ṣe ń yọ. Èèyàn ń rìn níbẹ̀, wọ́n ń sáré, wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, wọ́n ń fa ajá wọn. Àwọn tó ń ṣètò ìlú ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní greenway. Àjèjì á rò pé ibi ìgbafẹ́ lásán ni, pé àwọn olówó kàn fẹ́ gbatẹ́gùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tò ó. Odò wà nísàlẹ̀. Lẹ́bàá odò gan-an, wọn kì í gé koríko mọ́lẹ̀: igi pecan, elm àti oak ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú koríko gíga tí gbòǹgbò rẹ̀ ń di etí odò mú. Koríko switchgrass, tó jẹ́ ti ilẹ̀ wọn, lè ta gbòǹgbò tó mítà mẹ́ta sísàlẹ̀, nígbà tí koríko iwájú ilé tí wọ́n ń gé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò rìn jìnnà rárá. Lẹ́yìn igi ni ilẹ̀ pẹrẹsẹ wà, tí kò sí ilé kankan lórí rẹ̀. Orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ yìí ni ọ̀nà ẹsẹ̀ gbà. Kọ́ńkéré tó nípọn ni wọ́n sábà máa ń dà sí i, kí ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ lè gbà á, kí omi má sì hú u. Níbi tí ọ̀nà bá ti gba orí odò kọjá, afárá rẹ̀ lè rẹlẹ̀ débi tí omi á gba orí rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kún. Wọn kò ka ìyẹn sí àṣìṣe. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ọjọ́ tí odò bá kún, ilẹ̀ náà di ti odò. Ọjọ́ tó bá fà, ó di ti èèyàn. Ọjọ́ mélòó ni odò ń kún nínú ọdún? Ọjọ́ ìyókù, ta ló yẹ kó máa lo ilẹ̀ náà?

Nítorí ilẹ̀ amọ̀ wọn, iṣẹ́ ilẹ̀ etí odò ní Mesquite kì í ṣe kó mu omi rì. Àyè ló ń fún omi, ó sì ń dá a dúró díẹ̀. Omi tó bá tàn sórí koríko tó fẹ̀ kì í ga, kì í sì í sáré. Bí wọ́n bá fẹ́ kí omi wọlẹ̀ lóòótọ́, àfi kí wọ́n gbẹ́ amọ̀ kúrò, kí wọ́n da iyanrìn àti ilẹ̀dú sí i, kí wọ́n tẹ́ páìpù oníhò sísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ń ṣe irú ọgbà kékeré bẹ́ẹ̀ níbi tí gọ́tà títì ti ń da omi sódò, kí epo mọ́tò, ìgbẹ́ ajá àti ike tó bá òjò àkọ́kọ́ wá lè dúró síbẹ̀. Ìdí kan tún wà tí kò yẹ kí wọ́n fojú kékeré wo ìdọ̀tí yẹn. Omi ìdọ̀tí tí wọ́n ti sẹ́ ní Mesquite ń ti South Mesquite Creek wọ apá ìlà-oòrùn Trinity. Nísàlẹ̀ odò náà, àjọ tó ń pèsè omi fún ìlà-oòrùn àríwá Texas ń fa omi náà gba inú irà ńlá kan tí wọ́n fọwọ́ ṣe, wọ́n sì ń fi páìpù darí rẹ̀ padà sínú adágún Lavon, adágún tí omi ẹ̀rọ Mesquite ti ń wá. Ohun tí ìlú dà sódò ni ìlú tún ń bù mu.

Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ń ya máàpù omíyalé láti ìgbà tí wọ́n dá ètò ìnṣọ́ránsì rẹ̀ sílẹ̀ ní 1968. Lórí máàpù yẹn, ilẹ̀ tí ìṣeéṣe pé omi á bò ó ní ọdún kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń pè ní ilẹ̀ omíyalé ọgọ́rùn-ún ọdún. Orúkọ náà ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Wọ́n rò pé tí omi bá ti wá lọ́dún yìí, ó di ọgọ́rùn-ún ọdún mìíràn. Ẹ wò ó báyìí: ẹni tó yá owó ilé ní báǹkì tí yóò san án fún ọgbọ̀n ọdún, tí ilé náà wà ní etí ilẹ̀ omíyalé yẹn gan-an, ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìṣeéṣe pé omi á wọlé bá a kó tó san owó náà tán. Ọ̀kan nínú mẹ́rin. Ta ló máa fi ọmọ rẹ̀ ta irú tẹ́tẹ́ yẹn?

Nílé, ohun tí a mọ̀ sí àtúnṣe odò ni kọ́ńkéré. Bí ìjọba bá ní òun ń tún Ògùnpa ṣe, kí wọ́n gbẹ́ ẹ tààrà, kí wọ́n da kọ́ńkéré sí ìhà méjèèjì ni. Mi ò ní kọ́ńkéré kò wúlò níbi tí ilé ti há odò mọ́ dé ọrùn. Ṣùgbọ́n gọ́tà tó tọ́, tó sì dán, ń sáré gbé omi lọ bá ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni. Àwọn ará Texas ti jẹ iyán yẹn rí. Ní Houston, àwọn ọmọ ogun onímọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ da kọ́ńkéré sí odò Brays àti White Oak ní àárín ọ̀rúndún tó kọjá. Nígbà tó kan Buffalo Bayou ní àwọn ọdún 1960, obìnrin kan tó ń jẹ́ Terry Hershey kó àwọn aládùúgbò jọ, wọ́n ní àwọn ò gbà. Ọmọ ilé aṣòfin tuntun kan láti Houston, George H. W. Bush, tó wá di ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, dúró tì wọ́n, iṣẹ́ náà kò sì wáyé. Ní 2012, àwọn olùdìbò Houston fọwọ́ sí 100 mílíọ̀nù dọ́là láti fi la ọ̀nà ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn odò wọn, ètò tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 240 kìlómítà.

Ìjì Harvey sì dé ní 2017, ó bo àwọn ọ̀nà náà mọ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ọ̀nà ẹsẹ̀ etídò ń lé omíyalé lọ ń tàn yín ni. Lẹ́yìn tí omi fà, ẹrẹ̀ ga lórí koríko ọgbà Buffalo Bayou, wọ́n fi katakata kó o kúrò. Ẹrẹ̀ orí koríko ni. Bí ó bá jẹ́ pé ilé ló wà níbẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì èèyàn ni ìbá wà.

Dallas ti kọ́ bí ó ṣe ń wọ́n tó láti gba ilẹ̀ odò tán ká tó wá wá ọ̀nà fún omi. Odò Mill Creek tó ń ṣàn nígbà kan ní ìlà-oòrùn ìlú náà, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n sì kọ́lé sórí. Ní 2018 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò abẹ́lẹ̀ kan tó gùn tó kìlómítà mẹ́jọ, tó fẹ̀ ní 30 ẹsẹ̀ bàtà, kí omi tí odò yẹn ìbá gbé lè ríbi gbà. Owó rẹ̀ ju 300 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Kò sẹ́ni tó lè rìn níbẹ̀, kò sí igi níbẹ̀, kò sí ọmọdé tó máa kọ́ kẹ̀kẹ́ níbẹ̀.

Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò níí gbà fún un. Gbogbo wa mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń lò ó, bíi pé ògiri onílé nìkan ni ìdáhùn. Lójú tèmi, bí onílé ṣe lè kọ̀ fún àgbàrá jù lọ ni kó máà kọ́lé sójú ọ̀nà rẹ̀. Òfin sì wà nílé lórí èyí. Kò sí ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá tí kò mọ̀ pé kò yẹ kí ilé sún mọ́ odò. Ohun tí a kò ní ni olùṣọ́. Ilẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń lò ó lójú gbogbo ayé, bó pẹ́ bó yá, ẹnì kan á wá gbá bíríkì síbẹ̀ lóru, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ di ààtàn.

A sì ti ní olùṣọ́ rí. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo jẹ́ hẹ́kítà 75, etí odò ló wà, ìlú sì yí i ká. Kò sẹ́ni tó ya máàpù omíyalé fún Àtáọ́ja àtijọ́ kí wọ́n tó dá igbó náà sí. Ẹ̀rù òrìṣà àti ọ̀wọ̀ rẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí ẹ̀rù yẹn fẹ́ dínkù, tí àwọn kan fẹ́ gé igbó náà tà, Susanne Wenger, tí gbogbo wa mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo, fi ère àti ojúbọ gbèjà rẹ̀. Ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì tẹ́wọ́ gbà á ní 2005. Lọ́dọọdún ni èrò ń rọ́ lọ síbẹ̀. Pé omi odò náà ti pọ́n nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Etí odò ṣì jẹ́ ti odò, ohun tí mo ń sọ nìyẹn.

Ìbàdàn náà ní Agodi. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀, Ògùnpa sì gba inú rẹ̀. Omi 1980 bà á jẹ́, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 2014. Ibi tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ ó san owó lẹ́nu géètì kí ẹ tó wọlé, odi sì yí i ká. Ibi tí ọgbà parí sí ni ọ̀wọ̀ odò parí sí: láti ibẹ̀ lọ sọ́nà Dùgbẹ̀, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ike àti ọ̀rá ni Ògùnpa ń bá pàdé. Ní ọdún 2014 yẹn kan náà, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò omíyalé Ìbàdàn, wọ́n tún afárá ṣe, wọ́n tún ìdídò Ẹlẹ́yẹlé ṣe. Iṣẹ́ gidi ni. Ó dùn mí pé a kò fi òwú kan so Agodi mọ́ ìyókù odò náà.

Ní Mesquite, ẹsẹ̀ èèyàn ló ń ṣọ́ etí odò, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń rìn níbẹ̀ láràárọ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹnì kan da táyà sódò, pé páìpù kan bẹ́, pé etí odò ń jẹ sún mọ́ ọgbà ẹnì kan. Àwọn ọmọ iléèwé ń kó ike níbẹ̀. Àwọn tí ọgbà pákó pín níyà wá ń pàdé.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹnì kan tí ẹ mọ̀. Màmá wá láti Abẹ́òkúta tàbí Ìlọrin láti bá ọmọ tọ́ ọmọ tuntun. Oṣù mẹ́fà ni físà gbà á láyè. Ọkọ àti ìyàwó ti lọ síbi iṣẹ́ kílẹ̀ tó mọ́. Màmá kì í wakọ̀, bọ́ọ̀sì kò gba àdúgbò náà, títì tó wà níwájú fẹ̀ bí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ máa gbà kò sì tó nǹkan. Ojú fèrèsé ni Màmá ń jókòó sí. Obìnrin tí kì í jókòó gbélé ní Abẹ́òkúta ni o! Irú Màmá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ẹsẹ̀ etídò wà fún ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọ̀nà tí kò ní mọ́tò, tó ní ìbòòji, tó lè ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbà láìbi ẹnikẹ́ni, tó lè ti kí ìyá Látíínò tí òun náà ń ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ bọ̀. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n á kíra wọn.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń fẹ́ ẹ. Ẹni tí ọ̀nà náà máa gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ á ní olè máa gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù lásán, ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ kọ́ ni olè máa ń fẹ́. Èyí tó tóbi jù ni ọ̀rọ̀ owó ilé. Ní Atlanta, nígbà tí wọ́n la ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní BeltLine, iye ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fò sókè, ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ tó ń háyà ilé níbẹ̀ kò sì lè dúró mọ́. Ìlú tó bá fẹ́ lanà irú èyí gbọ́dọ̀ ti ṣètò fún àwọn ayálégbé kó tó ju pátákó sójú títì. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ṣe é dáadáa tó.

Owó ńkọ́? Ní San Antonio, ní ọdún 2000, wọ́n ní kí ará ìlú dìbò bóyá wọ́n á san ìdá kan nínú mẹ́jọ sẹ́ǹtì lórí ọjà dọ́là kan kọ̀ọ̀kan láti fi ra ilẹ̀ etí odò. Ẹni tó bá ra ọjà dọ́là mẹ́jọ ti dá sẹ́ǹtì kan. Wọ́n gbà á, wọ́n sì tún fọwọ́ sí i ní 2005, 2010 àti 2015. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó ti ibẹ̀ jáde ti ju 160 kìlómítà lọ, orúkọ Howard Peak, olórí ìlú tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ni wọ́n fi pè é. Ní Tulsa, ìlú tó wà ní Oklahoma, àríwá Dallas, omi pa èèyàn mẹ́rìnlá ní òru kan ní oṣù karùn-ún ọdún 1984. Ìlú náà ra ilé tó wà lójú ọ̀nà omi lọ́wọ́ àwọn onílé, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi lé ní 1,000. Wọ́n wó wọn. Létí odò Mingo, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ náà jìn, wọ́n sì sọ àwọn ibì kan nínú rẹ̀ di pápá bọ́ọ̀lù. Bí òjò bá rọ̀, pápá di adágún. Bí ó bá fà, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù wọn lọ. Owó àgbàrá tí onílé kọ̀ọ̀kan ń san mọ́ owó omi lóṣooṣù ló ń bójú tó o.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: ta ló máa san owó àgbàrá ní Ìbàdàn, tí owó iná pàápàá ń dá ìjà sílẹ̀? Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù wa ń dá owó ṣe afárá, wọ́n ń dá owó ra tiransifọ́ma, wọ́n ń dá owó da òkúta sí títì. Àwọn kan ń dá owó da kọ́ńkéré sí etí odò tó gba àdúgbò wọn. Ẹ̀yin alága irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi parí rẹ̀: kí ẹ tó pe bíríkìlà, ẹ ní kí sáfíyọ̀ wá fi òpó hàn yín ibi tí omi 2011 dé. Ẹ máà ta ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ gbin àgbọn àti ọ̀pẹ síbẹ̀, ẹ la ọ̀nà tí ọmọ iléèwé lè gbà láìgba títì, ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá máa pàtẹ síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀yin tó wà ní Mesquite ńkọ́, ìlú yín ń jíròrò lórí owó ọdún tó ń bọ̀ níwájú gbogbo èèyàn, ẹnikẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ ló lè dìde sọ̀rọ̀. Ẹ lọ bi wọ́n léèrè ìgbà tí ọ̀nà etí South Mesquite Creek máa dé ẹ̀yìn ilé yín.